Nígbà tí Ògì Ṣì Ń Kan

Nígbà èwe wa, ọjọ́ mẹ́ta ni ògì ń gbà. Wọ́n á ṣa àgbàdo, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ìkòkò lálẹ́, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ títí hóró rẹ̀ á fi rọ̀ débi pé èékánná lè là á. Tó bá di ọjọ́ kejì, omi orí rẹ̀ á ti máa yọ ìfófòó wẹ́wẹ́, òórùn rẹ̀ á ti yí padà. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀kan nínú wa á rù ú lọ síbi ẹ̀rọ, á sì rù ú bọ̀ tòun ti omi tó ń ro sí i léjìká. Wọ́n á so asẹ́ funfun mọ́ ẹnu ìkòkò, wọ́n á máa bu omi sí i, wọ́n á máa fọwọ́ pò ó. Èèrí á kù sókè, ògì á ṣàn wálẹ̀. Ti ewúrẹ́ ni èèrí. Ògì á tòrò mọ́jú, á tún kan sí i, omi tó lé sókè rẹ̀ á sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá wa sọ̀rọ̀ kòkòrò àìfojúrí. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé kí a ki ìka bọ̀ ọ́, kí a tọ́ ọ wò, kí a mọ ìgbà tó kan tó.

Lónìí, ìṣẹ́jú mẹ́ta ti tó. Kẹ́tù á hó, kọ́sítáàdì á jáde nínú agolo, mílíìkì àti ṣúgà á tẹ̀ lé e. Sítáàṣì àgbàdo ni kọ́sítáàdì, tí wọ́n fi àwọ̀ àti òórùn fanílà sí. Kò sí kòkòrò kankan tó lọ́wọ́ sí i. Ẹni tó bá wá ògì gan-an kiri náà á rí i rà ní gbígbẹ, nínú ọ̀rá, pẹ̀lú déètì ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára rẹ̀. A ò ní tìtorí èyí bú ìyá tó ń jáde nílé ní Ìkòròdú láago márùn-ún ìdájí nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta tí ìyá tiwa fi ṣe ògì, kì í ṣe pé ọjọ́ ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Ara rẹ̀ ló fi san án, àwọn ọmọbìnrin inú wa sì bá a san níbẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọkùnrin wà nídìí bọ́ọ̀lù.

Ọ̀rọ̀ tó wá gba ìgboro báyìí ni ọ̀rọ̀ ìfun. Àwọn ọmọ wa ní London àti Houston ń fi fídíò ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp: kí a jẹ oúnjẹ tí bakitéríà inú rẹ̀ wà láàyè, nítorí ìfun tí oríṣiríṣi bakitéríà ń gbé inú rẹ̀ ni ara rẹ̀ le. Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lọ́dún 2021, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford, tí Justin Sonnenburg àti Christopher Gardner wà lára wọn, gbé iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n pín àgbàlagbà 36 sí ọ̀nà méjì fún ọ̀sẹ̀ 10. Àwọn kan ń jẹ oúnjẹ tí fáíbà pọ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn apá oúnjẹ tí ikùn wa kò lè dà fúnra rẹ̀, tó jẹ́ pé bakitéríà inú ìfun ló ń jẹ ẹ́. Àwọn yòókù ń jẹ oúnjẹ kíkan: yógọ́ọ̀tì, kefir, kimchi, omi ẹ̀fọ́ kíkan. Àwọn tó jẹ oúnjẹ kíkan ni oríṣi bakitéríà inú wọn pọ̀ sí i, tí èròjà 19 tó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ara bá ń bínú bí ẹni tó ń bá àrùn jà sì dín kù. Ti àwọn onífáíbà kò pọ̀ sí i láàárín àkókò náà.

Bí a ṣe gbọ́ èyí, ọkàn wa lọ sórí ìkòkò àwọn ìyá wa. Ìgbéraga kékeré kan sì wọ̀ wá: ṣebí a ti ń jẹ ẹ́ kí òyìnbó tó mọ̀ ọ́n. Ìgbéraga yẹn nílò kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Yorùbá kì í jẹ́ kí ẹ̀fọ́ kan. Ará Kòríà ń fi iyọ̀ àti ata po kábéèjì di kimchi, ará Jámánì ní sauerkraut, àwọn ará Darfur ní Sudan ń gún ewé kawal, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìkòkò, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ títí á fi kan. Ẹ̀fọ́ tiwa, ọjọ́ tí a rà á náà la ń sè é: ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ewúro, láti orí àtẹ bọ́ sínú ìṣaasùn. Ohun tí àwọn ìyá wa ń jẹ́ kó kan ni àgbàdo, ọkà bàbà, ẹ̀gẹ́ àti hóró: ògì, fùfú, láfún, gàrí, irú, ògìrì. Wọn kì í ra ìwúkàrà sí i. Ara àgbàdo, ara ìkòkò, inú ẹ̀rọ ìlọ̀ àti ọwọ́ ọlọ́wọ́ ni àwọn kòkòrò náà ti ń wá, wọ́n á máa rọ́pò ara wọn láti ọjọ́ dé ọjọ́, títí tí Lactobacillus plantarum àti àwọn ẹbí rẹ̀ á fi gba inú ìkòkò mọ́ àwọn tó kù lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ògì ilé kan kì í fi kan bíi ti ilé kejì. Ọkọ tó bá mu ẹ̀kọ ìyàwó kékeré mọ̀ láìbéèrè pé kì í ṣe ti ìyálé.

Ṣùgbọ́n iná ń bẹ láàárín ìkòkò àti ọ̀fun. Omi híhó ni wọ́n fi ń po ẹ̀kọ tí a ń mu láàárọ̀. Ẹ̀kọ tí wọ́n dì sínú ewé eéran, orí ààrò ló ti kọ́kọ́ jinná. Gàrí, inú agbada gbígbóná ni wọ́n ti yan án. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn kòkòrò tó ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ti kú kí a tó gbé ife sẹ́nu. Ohun tó kù fún wa ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn, iṣẹ́ náà kò sì kéré: ìkan tí wọ́n dá sínú ògì le débi pé kòkòrò àrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè gbèrú níbẹ̀, nínú ilé tí kò sí iná mànàmáná, tí kò sí fíríìjì. Ẹni tó bá ń sọ pé ẹ̀kọ gbígbóná àárọ̀ ló ń kó bakitéríà alààyè sí wa nínú, ó ti gbé e kọjá ibi tó yẹ.

Àwọn alààyè gba ọ̀nà míì wọlé. Omikan, omi tó lé sórí ògì, ni wọ́n fi ń rẹ egbò àti èèpo igi fún àgbo. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń yọ ọmọ lẹ́nu, wọ́n á bu ògì tútù, wọ́n á fi omi lú u, wọ́n á dà á sí i lẹ́nu láìsè é. Àwọn onímọ̀ ilé wa kò sì fojú àìmọ̀kan wo àṣà yìí. Lọ́dún 1994, àwọn kan nínú wọn, tí Ọ̀mọ̀wé D. K. Olukoya ṣáájú wọn, kọ̀wé nípa ògì kan tí wọ́n pè ní DogiK: wọ́n ṣa àwọn bakitéríà inú oúnjẹ kíkan tó lè bá kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru jà, wọ́n sì fi wọ́n ṣe é. Olukoya yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ sí olùdásílẹ̀ ìjọ Mountain of Fire and Miracles. Àwọn tó mọ ìwàásù rẹ̀ pọ̀ lọ súà. Àwọn tó mọ ìwé rẹ̀ lórí ògì kò tó nǹkan.

Lónìí, bí inú bá ti ń run, Flagyl ni. Bí kò bá jẹ́ Flagyl, Tetra ni, kápúsù aláwọ̀ méjì tí wọ́n ń tà ní ẹyọ méjì-méjì ní kẹ́míìsì ìdí ilé, láìsí ìwé dókítà. Àwọn kan ń tú u sínú ẹ̀kọ, àwọn kan ń wọ́n ọn sójú egbò. Oògùn náà kì í yan ẹni tó máa pa: ó pa kòkòrò tó wá fìyà jẹ wá, ó sì pa àwọn tó ti ń gbé inú ìfun wa láti ọjọ́ tí a ti dáyé. A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni sá fún un. Nínú wa, ẹni tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun ti dá gúnlẹ̀ rí mọ oore tí oògùn ṣe é. Ohun tó ń dùn wá ni pé a sọ ọ́ di àgbo, ohun tí a kàn ń mu bí ara bá ti rí bákan.

Kí a tó máa ṣàárò ìgbà àtijọ́ jù, kí a rántí iye ọmọ tí ìgbà àtijọ́ gbé mì. Lọ́dún 1933, Cicely Williams, dókítà obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní, kọ̀wé nípa àìsàn kan tó ń mú àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, tó jẹ́ pé oúnjẹ àgbàdo nìkan ni wọ́n ń jẹ. Ẹsẹ̀ wọn á wú, irun wọn á pọ́n, awọ ara wọn á máa bó. Orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, kwashiorkor, ni gbogbo ayé wá ń pè é. Ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ládùúgbò tiwa náà. A rí wọn, a sì gbọ́ tí àwọn àgbà ń ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Ẹ̀kọ ni wọ́n ń mu láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ̀kọ tó kan dáadáa, tí kò ní ẹ̀wà, tí kò ní ẹyin. Títí di nǹkan bí ọdún 1990, ọmọ 1 nínú 5 tí wọ́n bá bí ní Nàìjíríà ni kì í pé ọdún 5. Ohun tó dín ikú náà kù ni abẹ́rẹ́ àjẹsára, omi tó mọ́, àti omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí Olikoye Ransome-Kuti, tó di mínísítà ètò ìlera lọ́dún 1985, rí i dájú pé àwọn ìyá mọ bí wọ́n ṣe ń pò ó. Omikan nìkan kò lè ṣe é.

Ẹ̀gẹ́ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Sáyánáídì wà nínú rẹ̀, rírin ín àti jíjẹ́ kó kan ló sì ń lé májèlé náà jáde, bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé. Bí ọjọ́ kò bá pé, ó kù síbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun láti Ìbàdàn lọ sí agbègbè Ẹ̀pẹ́, ó bá àwọn àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ wọn ti kú tipiri, tí wọn kò lè rìn ṣánṣán mọ́, tí ojú wọn ń ṣókùnkùn. Ó so àìsàn náà mọ́ sáyánáídì inú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́. Ìkánjú àti ebi kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láyé wa.

Kí wá ni ìgbà àtijọ́ ní tí a ò ní mọ́? Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ láti Ítálì fi ìgbẹ́ àwọn ọmọ abúlé Boulpon ní Burkina Faso wé ti àwọn ọmọ ìlú Florence. Oríṣi bakitéríà inú àwọn ọmọ Boulpon pọ̀ ju ti Florence lọ. Ọkà bàbà, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń jẹ, nítòsí oko àti nítòsí ẹran ọ̀sìn. Lọ́dún 2015, àwọn mìíràn pààrọ̀ oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré: ogún aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà jẹ oúnjẹ ìgbèríko South Africa, ogún ará ìgbèríko náà sì jẹ ti Amẹ́ríkà, ẹran àti ọ̀rá. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, inú ìfun ńlá àwọn ará Amẹ́ríkà rọlẹ̀, ti àwọn ará South Africa sì bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Ìkòkò kíkan nìkan kọ́ ló ṣe èyí. Ohun tí a ń jẹ lọ́pọ̀, tí kò gbówó lórí, tí a ò kà sí nǹkan kan, ló ń bọ́ àwọn tó ń gbé inú wa: ẹ̀wà pẹ̀lú èèpo rẹ̀, ìlasa, ẹ̀gbo, iṣu, ọsàn tí a jẹ tìhótìhó. Èèrí tí a ń dà fún ewúrẹ́ gan-an, fáíbà ni. Àwọn ìyá wa sẹ́ ẹ kúrò nínú ògì nítorí kí ó lè dán lọ́nà ọ̀fun. Àmọ́ ẹ̀fọ́ ọ̀sán àti ẹ̀wà alẹ́ ń dí àlàfo náà. Lónìí, a sẹ́ àlìkámà di búrẹ́dì funfun, a fi núdù jẹun ọ̀sán, kò sì sí ohun tó dí àlàfo náà lálẹ́.

Sonnenburg ti Stanford yẹn àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tún fi eku ṣe àyẹ̀wò kan tó yẹ kó mú ìran tiwa jókòó rò. Wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2016. Wọ́n dín fáíbà kù nínú oúnjẹ eku, oríṣi bakitéríà inú ìfun wọn sì ń dín kù bí ìran ti ń gorí ìran. Nígbà tó fi dé ìran kẹrin, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ pátápátá. Wọ́n dá fáíbà padà sínú oúnjẹ, àwọn tó lọ kò padà. Ìyá kò lè fún ọmọ ní ohun tí kò sí nínú òun mọ́. Eku kì í ṣe ènìyàn, a sì mọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí a ka iṣẹ́ náà, àwọn ọmọ-ọmọ wa la rò, àwọn tí kò tíì ki ọwọ́ bọ erùpẹ̀ rí àfi ní ilẹ̀ ilé ìwé.

Nínú gbogbo oúnjẹ kíkan wa, irú ló ká wa lára jù. Nígbà náà, a mọ ilé oníirú kí a tó dé ibẹ̀. Wọ́n á se hóró igbá látàárọ̀ di ọ̀gànjọ́, igi ìdáná á máa jó. Bó bá rọ̀, wọ́n á dà á sínú odó tàbí kí wọ́n fẹsẹ̀ gún un pẹ̀lú eérú kí èèpo rẹ̀ lè bó, wọ́n á gbé e lọ sódò, wọ́n á ṣan án títí ìka wọn á fi hunjọ. Wọ́n á tún un sè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dà á sínú igbá, wọ́n á fi ewé bò ó, wọ́n á fi àpò ìdọ̀họ yí i ká kí ooru má bàa jáde, á sì wà níbẹ̀ bí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Bí wọ́n bá ṣí i, omi á bọ́ lójú ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Hóró náà á ti yọ̀, ohun tó ń fà bí okùn aláǹtakùn á ti bò ó. Bacillus subtilis ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n S. A. Odunfa ti Yunifásítì Ìbàdàn ti kọ̀wé nípa àwọn kòkòrò inú irú láti ọdún 1981. Bacillus kò rí bíi ti inú ògì. Bí ayé bá le fún un, á ká ara rẹ̀ kò sínú èèpo líle kan tí omi híhó kì í sábà pa. Nínú gbogbo àwọn tó ń bá àwọn ìyá wa ṣiṣẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́, òun ló lè kọjá nínú ọbẹ̀ gbígbóná kó sì dé inú wa láàyè.

Nísinsìnyí, máàgí ló wà nídìí ààrò. Ó dùn, ó mọ́, kò rùn, kò sì sí àlejò tó máa gbóòórùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló kọ́kọ́ fi ojú ará oko wo irú, pàápàá nígbà tí a ń gbé fúláàtì tí àwọn tó wà lókè ń ráhùn òórùn. Ní báyìí tí dókítà ti ní kí a dín iyọ̀ kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, a ń wá irú kiri. A ń rà á ní Peckham nínú fíríìsà, ó ti dì gbagidi bí òkúta. A ń rà á ní Bódìjà nínú ọ̀rá, tí oníirú kò jẹ́ kí a fọwọ́ kàn án. Iye tí a sì ń san kò tó nǹkan.

Àwọn onímọ̀ ń wá ọ̀nà láti ṣe irú pẹ̀lú Bacillus kan ṣoṣo tí wọ́n ti ṣà, nínú ìkòkò irin, láìsí eérú, láìsí odò. Yóò mọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kò sì ní fi èéfín ba ojú obìnrin kankan jẹ́ mọ́. Bó bá dé ọjà, a ó rà á. Àmọ́ irú Ìsẹ́yìn àti irú Ìkirè á wá máa jẹ́ ọ̀kan náà, ohun tí ìkòkò kọ̀ọ̀kan ń dá ní tirẹ̀ á sì lọ. Igi igbá fúnra rẹ̀ wà nínú ewu: ní Òkè-Ògùn, àwọn tó ń sun èédú kò mọ igi tó ń so yàtọ̀ sí èyí tí kì í so.

Àwọn ọmọbìnrin àwọn oníirú tí a mọ̀ ti di nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti oníṣirò owó. Ìyá wọn kò fẹ́ kí wọ́n jogún ààrò náà, àwa náà kò sì fẹ́ ẹ fún wọn, nítorí a rí ojú tó pọ́n àti ẹ̀yìn tó tẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bá a lọ, ẹni tó yàn án fúnra rẹ̀, tó ní ààrò tí kò rú èéfín àti ẹ̀rọ tó ń bó èèpo, àfi kí a sanwó ọjọ́ mẹ́ta fún ohun tó gba ọjọ́ mẹ́ta. Iye tí ẹ̀dínwó wa ń jẹ́ kí oníirú máa tà á báyìí kò tó owó igi ìdáná rẹ̀.